Orin Arẹmọlẹ́kún Tó Gba Oscar Mọ́ Gershwin Lọ́wọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1938, ní Hótẹ́ẹ̀lì Biltmore ní Los Angeles, wọ́n kéde pé Harry Owens ló gba ẹ̀bùn Oscar fún orin tó dára jù lọ nínú sinimá ọdún 1937. Ó yẹ kí àpèjẹ náà ti wáyé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àmọ́ òjò ńlá kan ti rọ̀ débi pé odò kún, ó gbé afárá lọ, ni wọ́n bá sún un síwájú. Orin tí wọ́n dá lọ́lá ni "Sweet Leilani", tí akọrin Bing Crosby fi ohùn rẹ̀ kọ nínú Waikiki Wedding, eré apanilẹ́rìn-ín olórin kan tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní àwọn erékùṣù Hawaii. Lára àwọn orin tí orin yìí fẹ̀yìn wọn balẹ̀ ni "They Can't Take That Away from Me", tí George Gershwin àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ira ṣe fún eré Shall We Dance. George kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Kókó inú ọpọlọ ti pa á ní oṣù Keje ọdún 1937, ọmọ ọdún 38 péré.

Títí dòní, bí àwọn olólùfẹ́ sinimá àtijọ́ bá jókòó, tí wọ́n ń ka àwọn ìgbà tí Oscar bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí, wọn kì í fo ti ọdún yẹn. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n máa ń kà sí orin Owens lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní orin Gershwin dára jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n tún ní "Sweet Leilani" kì í ṣe orin sinimá rárá, pé ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1934, wọ́n kàn gbé e wọ inú eré ni. Ẹ̀sùn kejì yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Kí n sì sọ ọ́ tààrà: bí orin náà ṣe wọ inú eré dùn létí ju ìtàn inú eré gan-an lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ eré náà. Ilé iṣẹ́ Paramount ló ṣe é, Frank Tuttle ló darí rẹ̀, oṣù Kẹta ọdún 1937 ló sì jáde. Crosby ṣe Tony Marvin, alukoro ilé iṣẹ́ kan tó ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó, tó sì ń dì í sínú agolo ní Hawaii. Ọ̀lẹ ni Tony. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wà, tí á máa kọrin, tí á máa wo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé sí ọ̀rọ̀ ọjà. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe ìdíje ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n fi ẹnì kan jẹ Ọmọge Ọ̀pẹ Òyìnbó, kí wọ́n gbé e wá sí Hawaii lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ìwé ìròyìn sì máa kọ bí ìfẹ́ àti ìgbádùn ṣe ń gun ọmọbìnrin náà ní erékùṣù. Ẹni tó bá kà á, ọ̀pẹ òyìnbó inú agolo á máa wù ú jẹ.

Georgia Smith ló wọlé ìdíje, ọmọ ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Birch Falls. Shirley Ross ló ṣe é. Georgia dé Hawaii, ó wọ̀tún, ó wòsì, kò rí ìfẹ́, kò rí ìrìn àjò kan tó mú ara ya gágá. Gbogbo ohun tó ń rí ò ju ọ̀pẹ òyìnbó àti oníròyìn lọ. Ó ní òun ń lọ sílé. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbaná jẹ: bí ọmọ yìí bá padà dé Birch Falls tó sọ fún ayé pé Hawaii sú òun, ta ni yóò tún ra agolo? Ó ké sí Tony, ó ní ìwọ lo da omi yìí rú, ìwọ ni kó o mú un tòrò.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tony ṣètò kí péálì dúdú kan bọ́ sọ́wọ́ Georgia, kí àwọn ará erékùṣù sì wá sọ fún un pé ohun òrìṣà ni, pé bí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sí ojúbọ, òkè oníná yóò bínú. Ni wọ́n bá kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, ó di ìrìn àjò. Anthony Quinn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òṣèré, ló ṣe Kimo, ọmọ erékùṣù tó wà nídìí ọgbọ́n náà. Ọmọ bíbí Mexico sì ni Quinn. Bob Burns ṣe ọ̀rẹ́ Tony tó máa ń fa ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wafford káàkiri. Martha Raye ṣe ọ̀rẹ́ Georgia, ó sì fi ẹnu ńlá rẹ̀ àti ohùn tó lè jí òkú gba ibi tí wọ́n bá ti fún un láyè. Àmọ́ Wafford ló pa èmi lẹ́rìn-ín jù. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun ń ṣeré máa ń ṣeré ju ènìyàn lọ.

Àfẹ́sọ́nà Georgia tún wá láti Birch Falls láti wá mú un lọ sílé, àṣírí péálì tú, ọmọbìnrin náà bínú, Tony bẹ̀bẹ̀. Bó ṣe parí, àkọlé eré ti sọ ọ́. Hollywood ni wọ́n ti ya àwọn òṣèré, wọ́n wá fi àwòrán òkun àti etíkun tí wọ́n yà ní Hawaii gan-an há a láàrin.

Ẹni tó bá mọ Hawaii ayé ìgbà náà á rí i pé àwàdà nípa alukoro ọ̀pẹ òyìnbó yìí kò jìnnà sí òtítọ́. Ní 1893 ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti yọ Ọbabìnrin Liliuokalani lórí ìtẹ́, ní 1898 Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà, ó sì di 1959 kó tó di ìpínlẹ̀. Láàrin ìgbà náà, ìrèké àti ọ̀pẹ òyìnbó ló ń pàṣẹ níbẹ̀. James Dole dá ilé iṣẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1901. Ní 1922 ó ra Lanai, erékùṣù odindi, ó sọ ọ́ di oko. Ní 1927, lẹ́yìn tí Lindbergh fo òkun Àtìláńtíìkì kọjá, Dole kéde ẹ̀bùn 25,000 dọ́là fún awakọ̀ òfuurufú tó bá kọ́kọ́ fò láti California dé Hawaii. Ọ̀nà àtipolówó ni. Ènìyàn mẹ́wàá ló kú nídìí eré ìje náà, àwọn kan kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn sọnù sínú òkun. Ọkọ̀ méjì péré ló dé. Lẹ́yìn èyí, ta ló máa ní péálì irọ́ Tony Marvin ti pọ̀ jù?

Ní ọdún 1927 kan náà ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Matson ṣí Hótẹ́ẹ̀lì Royal Hawaiian ní etíkun Waikiki, ilé ńlá aláwọ̀ osùn tí àwọn olówó tó ń bá ọkọ̀ rẹ̀ wá yóò máa sùn sí. Àlejò olówó kò ní jókòó lásán, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ orin lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba Harry Owens ní 1934 láti wá máa darí ẹgbẹ́ olórin hótẹ́ẹ̀lì náà.

Owens kì í ṣe ọmọ Hawaii. Nebraska ni wọ́n bí i sí, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí òkun ti jìnnà sí ènìyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Fèrè ló ń fọn kó tó di olórí ẹgbẹ́. Nígbà tó dé Honolulu, ó jókòó ti àwọn olórin ibẹ̀, ó gbọ́ orin wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, ó sì gbé gìtá onírin wọn wọ àárín fèrè àti gòjé òyìnbó. Bí wọ́n ṣe ń ta gìtá yìí yẹ lójú rírí: orí itan ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí, ojú rẹ̀ sókè, wọn ò ní fi ìka òsì tẹ okùn mọ́ igi, irin kan tó ń dán ni wọ́n máa ń fi rìn lórí okùn náà, ohùn á sì máa yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìdúró níbì kan. Gìtá náà kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀, tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò, ni Demola Adepoju ń ta lẹ́yìn King Sunny Adé, tó ń dún wíìn láàrin gángan.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1934, ìyàwó Owens bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Leilani, orúkọ àwọn ará Hawaii, bàbá rẹ̀ sì jókòó, ó kọ orin fún un. Ohun tí ìyá àgbà nílé wa máa fi oríkì ṣe, orin ni Owens fi ṣe é. Orin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sáré, ènìyàn lè fi jó ọmọ lórí itan tàbí kó fi bá obìnrin jó lẹ́bàá òkun, kò sì sí èyí tí kò bá a mu. Ẹgbẹ́ Owens bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní hótẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ló jókòó sí fún bí ọdún méjì.

Ní 1936, Crosby àti ìyàwó rẹ̀ lọ gba ìsinmi ní Hawaii. Ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká nígbà náà, rédíò ń gbé e, sinimá ń gbé e. Ó gbọ́ orin náà lẹ́nu ẹgbẹ́ Owens, ó ní kí wọ́n tún un kọ. Ó mọ̀ pé òun fẹ́ẹ́ ṣe eré tó dá lórí Hawaii fún Paramount, ó sì sọ fún Owens pé orin yìí ni òun máa kọ nínú rẹ̀.

Owens kọ̀. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nìyí: ti ọmọ òun ni orin náà, kì í ṣe fún títà. Mo gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ alẹ́ ló ń kọ ọ́ fún àwọn tó sanwó yàrá. Crosby kò bá a jà. Ọ̀nà tó gbà ni pé kí owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé má bọ́ sápò Owens, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin fún ọjọ́ iwájú Leilani àti àwọn ọmọ ilé náà yòókù. Bàbá tó ń sọ pé òun kò lè ta orin ọmọ, ọmọ náà ni wọ́n sọ di olówó rẹ̀. Kí ló tún máa sọ? Ó gbà.

Ó kù sọ́wọ́ Paramount, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ta kókó. Arthur Hornblow Jr., tó ń bójú tó ṣíṣe eré náà, ní òun kò fẹ́. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ralph Rainger àti Leo Robin, àwọn méjì tí Paramount ń san owó oṣù fún láti máa kọ orin, ti kọ orin eré náà sílẹ̀. Lọ́nà kejì, Paramount ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń tẹ orin jáde, Famous Music, láti ọdún 1928. Orin tí wọ́n bá kọ nínú ilé, inú ilé lowó rẹ̀ ń dúró sí. Kí ni ẹni tó ní oúnjẹ nílé ń lọ ṣe nílé oúnjẹ ẹlòmíràn? Àti pé orin ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní Amẹ́ríkà ni.

Ìtàn tó wà nílẹ̀ ni pé Crosby kò pariwo, kò kọ lẹ́tà. Ó kàn kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń ya eré ni, ó ní bí wọ́n bá ti rí àyè orin náà, kí wọ́n pe òun. Ẹni tó bá mọ bí ilé iṣẹ́ sinimá ṣe ń náwó, bí òṣìṣẹ́ á ṣe tò, tí iná á máa jó, tí owó á sì máa lọ bí ẹni tí ẹ fẹ́ yà kò bá sí nílé, á mọ̀ pé ìjà náà kò lè pẹ́. Wọ́n rí àyè.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1937, oṣù kan kí eré tó jáde, Crosby wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Decca pẹ̀lú Lani McIntire àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olórin Hawaii gidi. Èyí ló mú kí àwo náà yàtọ̀. Ohùn Crosby kì í sáré, ó máa ń sọ̀rọ̀ kọrin bí ẹni tó fẹ́yìn ti àga, gìtá onírin náà sì ń yọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò dí ara wọn lọ́wọ́. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ, òun ló sì mú àwo oníwúrà àkọ́kọ́ wá fún Crosby. Ní ẹ̀yìn àwo kan náà ni "Blue Hawaii" wà, iṣẹ́ Rainger àti Robin, orin inú ilé tí Hornblow ń gbèjà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ èyí fún Oscar. Ní 1961, Elvis Presley gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fi sọ odindi fíìmù lórúkọ, ó sì wá lókìkí ju èyí tó gba ẹ̀bùn lọ.

Ó tó àkókò láti dá ẹ̀sùn náà lóhùn.

Pé orin Gershwin dára jù? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá fi orin méjèèjì síwájú ẹni tó mọ orin, tí kò mọ fíìmù kankan, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ lọ wo Shall We Dance. Fred Astaire kọ orin yẹn fún Ginger Rogers lórí ọkọ̀ tó ń gbé èrò kọjá odò lọ sí Manhattan lálẹ́, ó kọ ọ́ tán, ó parí. Wọn kò jó. Àwọn oníjó méjì tó dára jù lọ nínú sinimá, orin tó dára jù lọ nínú eré wọn, wọn kò gbé ẹsẹ̀ sí i. Ó di 1949, nínú The Barkleys of Broadway, kí wọ́n tó jọ jó o. Àwọn tó dìbò ní 1938 kò gbọ́ orin náà bí àwa ṣe gbọ́ ọ lónìí, pẹ̀lú ohùn gbogbo akọrin jáàsì tó ti tún un kọ láti ìgbà náà. Èyí tí wọ́n gbọ́ níbi gbogbo, lórí rédíò, nílé ọtí, lẹ́nu ọmọọ̀dọ̀, ni ti Leilani. Mi ò rí ìwà ìbàjẹ́ kankan níbẹ̀.

Ti ẹ̀sùn kejì, pé kì í ṣe orin sinimá, òótọ́ ni, wọn kò sì fi pamọ́. Òfin ìgbà yẹn kò sọ pé a gbọ́dọ̀ kọ orin náà nítorí eré. Owens kò rú òfin, Crosby kò rú òfin. Ihò ló wà nínú òfin, ọmọ ọwọ́ kan sì gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó dí ihò náà kì í ṣe ẹni tó pàdánù. Ẹni tó jẹ èrè ibẹ̀ ni. Ní 1940, nígbà tí Jámánì gba Paris, Oscar Hammerstein kọ ọ̀rọ̀ "The Last Time I Saw Paris", Jerome Kern sì fi ohùn sí i. Lẹ́yìn ìgbà tí orin náà ti gbilẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sínú fíìmù Lady Be Good ní 1941, ó sì gba Oscar. Kern kò dunnú sí i. Ó ní orin tí wọn kò kọ fún eré kò yẹ kó wà nínú ìdíje, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé Akadẹ́mì tó ń fúnni ní Oscar létí títí wọ́n fi yí òfin padà: láti ìgbà náà lọ, orin tí wọ́n bá kọ dìídì fún fíìmù nìkan ló lè dú ẹ̀bùn náà. Bí òfin yìí bá ti wà ní 1938, wọn ì bá ti dá "Sweet Leilani" dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ira Gershwin padà sídìí ìdíje náà. Ní ọdún 1944, òun àti Kern gan-an jọ ṣe "Long Ago and Far Away" fún fíìmù Cover Girl, orin tuntun, tí wọ́n kọ fún eré náà gẹ́gẹ́ bí òfin Kern ṣe wí. Èyí tó na wọ́n lọ́dún yẹn ni "Swinging on a Star", láti inú Going My Way. Òun náà jẹ́ orin tuntun, wọ́n kọ ọ́ fún eré, kò sí ihò kankan nínú ẹjọ́ rẹ̀. Bing Crosby ló fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́.